Àlejò atọ́kùn: mo tọrọ gáfárà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, mo jẹ yín ní gbèsè kan. Ẹ bi mí ní kíláàsì nígbà kan pé kí ni ká máa pe ẹni tó wá darí ètò tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ kan péré, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní guest host. Mo ní kí ẹ kọ àlejò atọ́kùn. Mo ṣì yín lọ́nà.

Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ta mí jí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò orin alẹ́ tí olórin ọ̀tọ̀ ń darí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì kọ àlejò atọ́kùn sí abẹ́ àwòrán ẹni náà. Ó ní, "Prof, àwọn èèyàn ń pè wá pé atọ́kùn fúnra rẹ̀ dà?" Wọn ò jẹ̀bi. Ṣé ọmọ olùkọ́ ni ọmọ tó tún jẹ́ olùkọ́? Ọmọ tí olùkọ́ bí ni. Àlejò atọ́kùn, ẹni tí atọ́kùn gbà lálejò nìyẹn. Ẹ yí i padà sí atọ́kùn àlejò, ó di ẹni tó ń mú àlejò kiri ìlú.

Nígbà tí Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn níbí, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ọmọdé ni mí l'Ọ́jà'ba. Atọ́kùn eégún nìkan ni mo mọ̀. Òun ló ń di àtòrì mú, tó ń la ọ̀nà láàárín èrò, tó ń túmọ̀ ohùn eégún fún wa. Òun kọ́ ni eégún o, àmọ́ ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí Art Alade wá ń darí Bar Beach Show ní tẹlifíṣọ̀n Èkó, ọ̀rọ̀ náà bá a mu rẹ́gí: àwọn olórin ni eégún, òun ló ń mú wọn wọ agbo.

Oríṣi méjì ni nǹkan yìí l'Ámẹ́ríkà. Láàárín 1983 sí 1986, Joan Rivers ló ń dúró fún Johnny Carson lórí The Tonight Show bí onílé bá gba ìsinmi. Adelé atọ́kùn nìyẹn, bí a ṣe ń ní adelé ọba. Ṣùgbọ́n The Midnight Special, ètò orin òru tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, olórin kan lè darí rẹ̀ lónìí, kí òmíràn gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Adelé ta ni ká wá pè é? Atọ́kùn ọ̀sẹ̀ yìí ti tó o.

Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ẹ̀yin tí nótì yín ṣì wà lọ́wọ́, ẹ bá mi fagi lé ti àtijọ́.