Ẹ Wo Ibi Tí Mọ́tò Yóò Sùn Kí Ẹ Tó Ra Ilé

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá ń ra ilé, a ó ka yàrá, a ó gbójú sókè wo òrùlé, a ó bèèrè bóyá kànga kì í gbẹ. A kò ní bèèrè ibi tí mọ́tò yóò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ilé oníyàrá mẹ́fà sí àdúgbò àtijọ́ kan ní Òṣogbo. Ilé náà dára, owó rẹ̀ kò ga jù, ó sì súnmọ́ mọ́sálásí. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní bọ́ọ̀sì kan tí ó ń ná Òṣogbo sí Iléṣà. Bọ́ọ̀sì yìí ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òun náà ni ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ kí àwọn àna ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà Iléyá. Nítorí pé ilé kò ní àgbàlá, ojú ọ̀nà ni bọ́ọ̀sì ń sùn. Àwọn ará àdúgbò ń kùn, ṣùgbọ́n inú yàrá ni wọ́n ti ń kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan fi ayé sílẹ̀ ní àdúgbò náà. A wẹ̀ ẹ́, a fi aṣọ funfun dì í, a sì ń gbé e bọ̀ kí a wá kírun sí i lára. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ọ̀nà tán. Awakọ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ilé tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbé òkú ní láti máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín bọ́ọ̀sì àti gọ́tà. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn yọ̀ sínú gọ́tà. Díẹ̀ ni ó kù kí ìyá bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà láàárín wa. Ó sáré di igun àga òkú mú, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a wí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn ún ju ìbáwí lọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tí ó tẹ àdúgbò náà dó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn, agbo ilé sì fara kan agbo ilé. Láti ìgbà tí Òṣogbo ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, èrò ti pọ̀, mọ́tò ti pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín ilé kò fẹ̀ sí i. Ẹni tí ó ní mọ́tò ni yóò wá àyè fún un.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé nínú ohun ìdùnnú ènìyàn láyé ni ilé tí ó gbòòrò, aládùúgbò rere, àti nǹkan ìgùn tí ó rọrùn. Ẹ kíyè sí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà pọ̀. Bí nǹkan ìgùn rẹ bá gba ọ̀nà mọ́ aládùúgbò rẹ lọ́wọ́, o ti fi ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ó tún kọ́ wa pé ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, àti pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà nínú ìgbàgbọ́. Kí wá ni a ó sọ nípa ẹni tí ó gbé ìnira síbẹ̀ lálaalẹ́?

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ wo ilé, ẹ mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì Hiace gígùn tí ó wọ́pọ̀ ní ojú ọ̀nà wa súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn. Ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 6, gíga rẹ̀ sì lé ní 7. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 kún un níhà kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀kùn lè ṣí, kí ènìyàn sì lè rìn yí i ká. Èyí ni pé àyè tí ó tó 12 ní ìbú àti 24 ní gígùn ni ẹ ń wá. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ 50 ní 100 lè gba ilé àti bọ́ọ̀sì. Ìdajì rẹ̀ lè má gbà wọ́n bí ilé bá ti gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má gba “yóò gbà á” lẹ́nu alágbàtà. Ẹ gbé mọ́tò náà wá kí ẹ tó sanwó, kí awakọ̀ wọlé, kí ó yí i padà, kí ó sì jáde.

Ẹ bèèrè ibi tí ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, nítorí bí mọ́tò bá ń dúró lórí rẹ̀, ó lè jìn. Ìlú olókè ni Iléṣà. Bí ẹ bá ń rà níbẹ̀, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì wo ibi tí àgbàrá òjò ń gbà. Ẹ̀yin ìyá, kí àyè mọ́tò jìnnà sí ibi ìdáná, kí ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ fi ẹ̀yìn rìn láìjẹ́ pé ẹnì kan ti wo ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ràn láti máa ṣeré níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó kù. Òǹtajà lè na ọwọ́ sí àyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pé ibẹ̀ ni mọ́tò yóò máa dúró, kí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ni. Kí sọ̀fíyọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, nítorí náà ẹ má ṣe dúró sórí rìsíìtì nìkan. Ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹrù ńlá ni yóò gbé lọ́rùn ní ọjọ́ ìdájọ́. Ìyá tí ó bá sì fi owó òwò rẹ̀ sí ilé, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ̀sìn wa ti fún un ní ohun ìní tirẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé kan ní ọkọ̀ ńlá tí ó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú, tí wọ́n fi ń rin ìrìn àjò. Ní àwọn àdúgbò kan níbẹ̀, òfin àdúgbò kò jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró níwájú ilé, nítorí náà olùrà á bèèrè àyè ọkọ̀ kí ó tó bèèrè iye owó. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi lọ tọrọ àforíjì láti ojúlé dé ojúlé. Ó háyà àyè nínú ọgbà ẹnì kan, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń sùn báyìí. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wálé lálaalẹ́, inú rẹ̀ sì dùn. Ó sọ fún mi pé, “Àlùfáà, àyè tí n kò rà níjọ́sí ni mo ń rà lóṣooṣù yìí.”

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ilé tí ó gbòòrò, aládùúgbò rere àti ọkọ̀ tí kì yóò pa ẹnikẹ́ni lára. Àmín.