Ta Ni Ara Rẹ̀ Le? Yíyan Ẹ̀jẹ̀ Ìfiwéra nínú Ìwádìí Àmì Àrùn Jẹjẹrẹ

Ní oṣù kejì ọdún 2002, ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí ó mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Emanuel Petricoin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo àwọn purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, wọ́n sì ní àwọn lè fi í dá jẹjẹrẹ ilé-ẹyin mọ̀. Nínú 50 obìnrin tí ó ní àrùn náà, gbogbo wọn ni ìlànà náà mọ̀. Nínú 66 tí kò ní i, ó mọ 63. Àrùn yìí kì í sábà fara hàn títí yóò fi tàn ká inú ikùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí ó ṣì kéré lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Keith Baggerly àti àwọn onímọ̀ ìṣirò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston tún àwọn èsì náà yẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2004 àti 2005. Díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ó ya aláìsàn sọ́tọ̀ wà ní apá ibi tí ó jẹ́ pé ariwo ẹ̀rọ lásán ni ó wà níbẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ èsì kan, wọ́n ti gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le sí ẹ̀rọ kí ó tó kan ti àwọn aláìsàn. Bí ìṣesí ẹ̀rọ bá yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ ni ìlànà náà ń mọ̀, kì í ṣe àrùn.

Ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra ni èyí tí wọ́n gbà lára ẹni tí kò ní àrùn tí wọ́n ń wádìí. Ó yẹ kí ó bá ti aláìsàn dọ́gba ní ohun gbogbo, àfi ní ti jẹjẹrẹ nìkan. Èyí rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó súnmọ́ olùwádìí jù ni akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, àti ọ̀dọ́ tí ó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Aláìsàn ní tirẹ̀ sì lè ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìyàtọ̀ tí ó bá jáde níbẹ̀ lè jẹ́ ti ọjọ́ orí lásán.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gba ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Prolactin máa ń lọ sókè bí ara bá wà nínú ìnira, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fi oògùn kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì gba ti ẹni ìfiwéra ní ìjókòó pẹ̀lẹ́, prolactin yóò dà bí àmì jẹjẹrẹ. Prolactin yìí gan-an wà lára àmì mẹ́fà tí àyẹ̀wò kan fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n gbé sí ọjà ní Amẹ́ríkà ní 2008. Àjọ ìjọba tí ń bójú tó oògùn níbẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tí ń tà á, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà.

Ìbéèrè tí ó le jù ni ti ìlera fúnra rẹ̀. CA125 máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ó lóyún, ẹni tí ó wà nínú nǹkan oṣù, àti ẹni tí ó ní ìjú. Olùwádìí tí ó bá yọ gbogbo wọn kúrò kí iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́ ti yọ àwọn tí àyẹ̀wò náà yóò ṣì mú gan-an, nítorí àwọn náà ni yóò wá sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí hepatitis B ti ń bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà fún ọdún pípẹ́ lè ní AFP púpọ̀ láìní jẹjẹrẹ. Òun ni ó yẹ ní ẹni ìfiwéra, kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò mọ àìsàn rí. Ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra láti ilẹ̀ òkèèrè náà kò tó: ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le ní ẹ̀yà funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ neutrophil níye tí ó kéré sí ti àwọn ará Yúróòpù, nítorí àbùdá Duffy tí wọ́n jogún.

Àṣìṣe mẹ́ta nínú 66 dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo nínú 2,500 ni ó ní àrùn náà, tí àyẹ̀wò sì ń ṣi márùn-ún mú nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù, nǹkan bí 125 ni wọn yóò pè ní aláìsàn láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń mọ òdodo.

Ní 2008, Margaret Pepe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò ṣàìsàn, lẹ́yìn náà kí wọ́n yan aláìsàn àti ẹni ìfiwéra láti inú agbo kan náà, kí ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò má sì mọ èwo ni èwo. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwádìí PLCO ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fi dán ọ̀pọ̀ àmì tuntun wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, CA125, tí Robert Bast àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa sójà-ara tí ń mú un ní 1981, ni ó ṣì gba ipò kìíní.