Orúkọ Tí Ìwé Ìkànìyàn Kò Mọ̀

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ oko wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè ohun kan ṣoṣo: ta ni ó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀? Agbo ilé mẹ́ta ló dáhùn, ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Ni àwọn àgbà bá yíjú sí èmi tí mo kàwé Yorùbá, wọ́n ní kí n lọ wá a nínú ìwé.

Mo rò pé ìwé ìkànìyàn ni yóò gbà mí. Ìjọba ka ènìyàn ní Èkó ní 1866, 1871, 1881 àti 1891, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú kò bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì títí di oṣù Karùn-ún 1892, lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn. Àgbẹ̀ tó ṣán igbó rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, kò sí akọ̀wé ìjọba tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ìkànìyàn 1931 pàápàá, iye ènìyàn ló wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, kì í ṣe orúkọ.

Mo kọjá sí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Orílẹ̀-èdè, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó ti àwọn fáìlì Ẹkùn Ìjẹ̀bú. Ẹjọ́ ni mo ń bá pàdé: ẹjọ́ ààlà, ẹjọ́ obì, ẹjọ́ kòkó. (Ẹni tó bá rò pé àwọn baba wa kì í pe ara wọn lẹ́jọ́, kó lọ wò ó.) Kòkó ló dá kún un. Ẹni tó gbin iṣu lè ṣí kúrò bí ilẹ̀ bá ṣá, ṣùgbọ́n igi kòkó a máa so fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó gbìn ín kò sì ní fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo rí orúkọ kan tó jọ ti bàbá ńlá mi. Akọ̀wé kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, lẹ́tà méjì sì yàtọ̀.

Mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Àgọ́-Ìwòyè. "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ki bàbá." Wọ́n kì í. Láàrin oríkì náà ni wọ́n dárúkọ odò kan, odò náà gan-an sì ni ààlà nínú fáìlì.

Àyà mi já nígbà tí mo ka ìyókù fún wọn. Bàbá ńlá mi búra ní kóòtù pé òun kọ́ ni òun ṣán igbó náà. Àwọn ará ilé ìyá òun, tí wọ́n wá láti ìhà omi, ni wọ́n fi òun síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní Ìjẹ̀bú, ọmọ obìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọkùnrin.

Màámi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá a ti pe àwọn ará Àbígí sí ìpàdé ilẹ̀ náà. A kò pè wọ́n. Ọjọ́ Sátidé yìí ni èmi àti wọn yóò lọ sọ fún wọn.