Àjọṣe Àwọn Tí Ń Gbé Fídíò Jáde Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí bá àwọn tí ń gbé fídíò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì mu gidigidi.

Bí alásè bá pe alásè ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sínú fídíò, òǹwòran wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí pé àwọn kan náà ni ó ń wo àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí olórin bá yà sọ́dọ̀ alásè, àwọn olólùfẹ́ orin yóò bá a wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Hilda Baci dáná ní Èkó fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11. Tiwa Savage, gbajúmọ̀ olórin, wà lára àwọn tí ó lọ kí i níbẹ̀; nípa bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ṣe ń dé etí ẹni tí kì í wo ètò oúnjẹ.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí àlejò wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí ó jókòó. Àjọṣe gbọ́dọ̀ bí ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Bí olùkọ́ ìtàn bá sọ bí adìrẹ ṣe gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí aránṣọ sì rán an lójú wa, ẹ̀kọ́ náà di kíkún.

Kí a sì ṣọ́ ẹni tí a óò bá rìn. Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́: bí ẹnikejì wa bá jẹ́ ẹlẹ́tàn, ọwọ́ wa ni òǹwòran yóò ti béèrè. Èrò púpọ̀ dára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ni ọrọ̀ wa.