Ìgbà Tí Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ: Ìlàlóye Fún Àwọn Tó Ń Mú Ẹja Pamọ Nínú Táńkì Ilé

Kò sí oògùn fún ọmọ ẹja tí ebi ti pa kú. Gbólóhùn yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ọ́fíìsì ẹja ń tún sọ lójoojúmọ́, àgàgà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wá á gbé ọ̀rá kalẹ̀, omi inú rẹ̀ á ti funfun bí omi ògì, òkú ọmọ ẹja á sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tí òun lè rà. Bí wọ́n bá wá bi í pé wákàtí wo ni ẹyin pamọ, á ní òun ò mọ̀, ọjọ́ tí òun rà á ni òun mọ̀.

Nítorí ìdáhùn yẹn ni wọ́n ṣe tẹ ìwé yìí.

Ibi tí kíka ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Wákàtí tí ọmọ ẹja jáde kúrò nínú ẹyin ni kíka ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe alẹ́ tí wọ́n gún abo ẹja lábẹ́rẹ́ kó lè yé. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rá ọmọ ẹja wọlé.

Bí ọmọ àrọ̀ bá ti jáde, àpò kékeré kan máa ń wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Pupa ẹyin tó ṣẹ́kù ló wà nínú àpò náà, ara rẹ̀ ló sì ń lò. Kò tíì lè jẹ nǹkan mìíràn, nítorí náà oúnjẹ tí wọ́n bá dà sínú omi nígbà yìí á kàn jẹrà ni, á sì ba omi jẹ́. Nínú omi tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 26°C sí 28°C, àpò náà máa ń tán ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ẹja tó ti ń kó ara jọ sí ìsàlẹ̀ àti igun táńkì á gbéra, á máa lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Ẹni tó bá rí i á máa yọ̀ pé ara wọn ti le. Ebi ló dé.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Wọ́n gún abo ẹja lábẹ́rẹ́ ní aago 8 alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, omi wà ní 27°C. Ní nǹkan bí aago 6 àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fún ẹyin jáde, wọ́n sì po àtọ̀ akọ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ sí ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, ọmọ ti ń jáde. Oúnjẹ àkọ́kọ́ bọ́ sí àárọ̀ Ọjọ́rú. Ẹni tó bá kà á láti ìgbà abẹ́rẹ́ á da oúnjẹ sí i ní Ọjọ́ Ajé, omi á sì ti rùn kí ẹja tó lẹ́nu oúnjẹ. Ẹni tó bá ra ọmọ ẹja wọ̀nyí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì ń ka ọjọ́ mẹ́ta tirẹ̀ láti ibẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú oúnjẹ ní Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tó bá ṣì wà láàyè lè má lágbára láti jẹun mọ́. Irú àwọn olùrà báyìí ló pọ̀ jù nídìí káńtà.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá ń ra ọmọ ẹja má kúrò níwájú ẹni tó ń tà á láìbéèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n jáde, kó sì kọ ọ́ sára ọ̀rá. Ẹlẹ́ja tí kò bá lè sọ wákàtí náà kò yẹ ní ẹni tí à ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ibi tí ẹlẹ́ja pọ̀ sí, bí abúlé ẹlẹ́ja Eriwe nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kò ṣòro láti sún síwájú lọ bá ẹlòmíràn.

Oúnjẹ náà fúnra rẹ̀

Ohun tó dára jù fún ẹnu tó kéré bẹ́ẹ̀ ni Artemia, ẹ̀dá kékeré inú omi oníyọ̀ tí ẹyin rẹ̀ gbígbẹ máa ń wà nínú agolo. Adágún Great Salt Lake ní Amẹ́ríkà wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó o. Ẹyin yìí náà gbọ́dọ̀ pamọ, ó sì ń gbà tó wákàtí 24: lítà omi kan, iyọ̀ gíráàmù 25 sí 30, iná lókè, atẹ́gùn tó ń ru omi láti ìsàlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yẹ kí Artemia ti wà nínú omi iyọ̀. Bí ọmọ ẹja bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí olówó rẹ̀ tó jáde lọ ra agolo, ọjọ́ kan ti bọ́ sọ́nù.

Bí ó bá pamọ, kí wọ́n pa ẹ̀rọ atẹ́gùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èèpo á léfòó, ọmọ Artemia á sì sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni kí wọ́n fà, kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣan iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹja, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra, nítorí Artemia kì í pẹ́ láàyè nínú omi tí kò níyọ̀. Ẹni tó bá wo ikùn ọmọ ẹja lẹ́yìn oúnjẹ á rí i pé ó ti pọ́n bí èèpo ọsàn. Ikùn tí kò bá pọ́n kò tíì jẹun. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè máa po oúnjẹ gbígbẹ tó kúnná mọ́ ọn títí Artemia á fi kúrò níbẹ̀.

Pupa ẹyin adìyẹ bíbọ̀ tí àwọn kan ń lò kì í pẹ́ ba omi táńkì jẹ́, pàápàá níbi tí omi kò ti ń ṣàn.

Àwọn alágbàtà ẹnu ọ̀nà

Àwọn kan wà tó máa ń dúró síwájú géètì ọ́fíìsì ẹja, tí wọ́n ń ta oògùn lẹ́búlẹ́bú fún àwọn tí ẹja wọn ń kú, tí wọ́n sì ń sọ pé ọ́fíìsì ló rán àwọn. Ọ́fíìsì kò rán ẹnikẹ́ni. Owó tí kò bá ní rìsíìtì kì í ṣe owó ọ́fíìsì. Lẹ́búlẹ́bú yòówù kó jẹ́, kò lè dí ipò oúnjẹ tí ọmọ ẹja kò rí jẹ ní Ọjọ́rú.

Omi, atẹ́gùn, àti ẹyin tó pọ̀ jù

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àrọ̀ lè pẹ́ láàyè nínú ọpọ́n lójú ọjà. Àgbà àrọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yà ara tó fi ń mí atẹ́gùn òkè kò tíì sí lára ọmọ tuntun. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Títí di ìgbà yẹn, inú omi nìkan ló ti ń mí. Bí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ atẹ́gùn kò sì ní bátìrì, táńkì lè ṣófo kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní klórìn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún wákàtí 24, kí atẹ́gùn máa ru ú. Omi bohóòlù náà nílò rírú, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà ní atẹ́gùn tó.

Abo ẹja tó wọn kílò kan lè mú ẹyin gíráàmù 100 wá, gíráàmù kan sì tó ẹyin 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye náà ti lé ní 60,000. Táńkì gíláàsì lítà 60 kò rí ibi kó o sí. Ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan ti tó o, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n ní ìpele kan ṣoṣo, kí wọ́n sì yọ ẹyin tó bá funfun kúrò kí olú má bàa bò ó. Ó máa ń dun ènìyàn láti da ẹyin nù. Síbẹ̀, ẹni tó ní kí ìkankan má ṣòfò ló máa ń pàdánù gbogbo rẹ̀.

Nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan á yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn ẹlẹ́ja ń pè wọ́n ní «shooters». Ìrù ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé jẹ, nígbà tó bá yá wọ́n á máa gbé e mì lódindi. Asẹ́ ni kí wọ́n fi ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn gbé wá

Kí ẹni tí ẹja rẹ̀ ń kú wá sí ọ́fíìsì ní àárọ̀, nígbà tí díẹ̀ ṣì wà láàyè. Kó gbé ìgò méjì tó mọ́ dání, omi táńkì nìkan nínú ọ̀kan, ọmọ ẹja tó wà láàyè nínú èkejì. Kó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹyin pamọ sára ìgò, pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹun. Àkókò méjì yẹn ni òṣìṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè kó tó ṣí ìgò.