Oorun Tí Kì í Ṣe Oorun: Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Kíyè sí Tramadol

Ẹni tó roko láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹni tó ru yanrìn níbi ilé kíkọ́, ẹni tó gun zémìjáàn káàkiri Àjàṣẹ́ láti àárọ̀, dandan ni kí ara ro ó. Oògùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì nítorí èyí, tàbí kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n. Tramadol ni. Àwọn ará Jámánì ló ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1977. Kì í ṣe oògùn burúkú. Dókítà a máa kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí mọfíìnì ni, ọ̀pọ̀ kò sì mọ èyí: wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n parasetamọ́ọ̀lù lásán ni.

Ẹni tó lò ó bí dókítà ti wí náà lè rí nǹkan díẹ̀ lára: òòyì, èébì, ẹnu gbígbẹ, ìlàágùn, ìgbẹ́ líle. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ojú tàbí ètè bá ń wú, tí èémí sì ń há, ẹ má fún un ní hóró kan sí i, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí tó ń pani jù ni oorun. Bí oògùn yìí bá pọ̀ lára, ọpọlọ á gbàgbé mímí. Ènìyàn á sùn, àwọn ará ilé á ní, “Ẹ jẹ́ kí ó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Á máa hanrun bí kò ṣe hanrun rí, bí ẹni pé omi wà lọ́fun rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Nítorí náà ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká, ẹ fi ìkúùkù ra egungun àyà rẹ̀ kíkankíkan. Ẹni tó ń sùn lásán á jí, á tilẹ̀ bínú. Bí kò bá jí, ẹ ka èémí rẹ̀. Bí kò bá tó ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ewu ti dé. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọmọlójú ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Awọ dúdú wa kì í jẹ́ kí a tètè rí i lára, nítorí náà ẹ wo inú ètè àti èékánná rẹ̀: bí wọ́n bá ti rí bí aró, èémí kò tó mọ́.

Ẹ rán ẹnìkan kí ó sáré wá ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì má bàa há a lọ́fun. Bí kò bá mí mọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ó di imú rẹ̀, kí ó sì máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ epo yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń lọ.

Tramadol tún máa ń fa gìrì. Ọmọkùnrin tí kò ní wárápá rí á ṣàdédé ṣubú, á sì máa gbọ̀n. Àwọn kan á ti máa wá ẹni tó ṣe é, nígbà tí hóró oògùn ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí gìrì bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Dókítà a máa kọ mílígíráàmù 50 tàbí 100 lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà, kì í sì í ju 400 lọ lóòjọ́. Èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lè jẹ́ 200, 225 tàbí 250 nínú hóró kan ṣoṣo. Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ tramadol rárá: ní oṣù kejì 2025 ni ìjọba Íńdíà fòfin de àpòpọ̀ tapentadol àti carisoprodol tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí a bá fi sódabì tàbí oògùn oorun kún un, ewu náà á pọ̀ sí i. Ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn a máa yára sọ tramadol di ohun tó lágbára jù, kò sì sí àmì rẹ̀ lójú. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 2017 pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn.

Ẹni tí oògùn náà ti mọ́ lára, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ara á máa ro ó, inú á máa ṣu, kò ní lè sùn, á sì tún sá padà sí i. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú páálí oògùn náà dání, ẹ sì sọ ohun tó jẹ, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó ń lé irú oògùn báyìí kúrò lórí ọpọlọ. Lẹ́yìn rẹ̀ aláìsàn lè jí, kí ó dìde, kí ó ní òun ń lọ sílé. Ẹ má gbà fún un. Agbára abẹ́rẹ́ náà lè tán láàárín wákàtí kan, nígbà tí tramadol ṣì wà lára, oorun yẹn sì lè padà wá. Ẹ jókòó tì í títí dókítà fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí ẹ máa lọ.