Toyota: Látorí ẹ̀rọ ìhunṣọ dórí Corolla tó wà lójúde yín

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì n'Ìbàdàn, l'Ékòó tàbí l'Ákùúrẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ẹ máa ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Ẹ óò rí i pé Toyota pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in. A tiẹ̀ ti sọ wọ́n lórúkọ bí ọmọ: Camry kan ń jẹ́ Pencil Light, àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Big Daddy, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn ń jẹ́ Muscle. Bí ẹ bá sì bi mẹkáníìkì yín pé ọkọ̀ wo ni kí ẹ fowó yín rà, kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ ló máa fèsì pé, "Ẹ lọ ra Toyota jàre, kò níí yọ yín lẹ́nu."

Níbo ni irú ìgbẹ́kẹ̀lé báyìí ti wá? Ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àbí àsọdùn ti wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní Corolla àtijọ́ nílé, pàápàá ti ọdún 2003 sí 2008, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó kan ẹ̀mí.

Ọkọ̀ kọ́ ni ìdílé Toyoda fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ ni. Ọdún 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda ní Jàpáánì, ọmọ káfíńtà ni. Ìyá rẹ̀ a máa hun aṣọ nínú ilé, ọmọ náà sì ń wo bó ṣe ń ṣe wàhálà nídìí ẹ̀. Nígbà tó di 1891, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ onígi tó ṣe fúnra rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Lọ́dún 1924, òun àti ọmọ rẹ̀, Kiichiro, parí ẹ̀rọ kan tó yàtọ̀ pátápátá: bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn rí á mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Bí òwú bá já tí èèyàn kò tètè rí i, gbogbo ohun tó bá hun lẹ́yìn ìyẹn ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ Sakichi kì í hun ìbàjẹ́ lé ìbàjẹ́. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sì lè máa mójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí èyí tó bá níṣòro á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ fi òwú tó já yìí sọ́kàn o, a ṣì máa padà sí i.

Òkìkí ẹ̀rọ náà kàn débi pé lọ́dún 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ nígbà yẹn, tọwọ́ bọ̀wé láti san 100,000 pọ́n-ùn kí àwọn náà lè máa ṣe é. Sakichi kú lọ́dún 1930. Ọkàn Kiichiro ní tirẹ̀ kò sí lára aṣọ mọ́. Ọkọ̀ Ford àti ti General Motors ló kún ojú títì Jàpáánì, ó sì ń wò ó pé kí ló dé táwa náà kò lè ṣe tiwa. Lọ́dún 1933, ó ṣí ẹ̀ka ọkọ̀ sínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ bàbá rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Ọkọ̀ akẹ́rù G1 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1935 a máa dákú sójú ọ̀nà lemọ́lemọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló ń sáré lọ bá oníbàárà níbi tí ọkọ̀ bá kú sí, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì lọ sọ fún ilé iṣẹ́ pé ibi báyìí ló ti kán, ẹ fún un lágbára sí i. Lọ́dún 1936, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn àkọ́kọ́, Model AA, jáde. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, ọdún 1937, Toyota di ilé iṣẹ́ tó dá dúró.

Ẹ lè máa bi ara yín pé Toyoda ni orúkọ ìdílé, báwo ló ṣe wá di Toyota. Tí wọ́n bá fi lẹ́tà ilẹ̀ wọn kọ Toyota, ìlà mẹ́jọ péré ni wọ́n máa fà, iye tó ń mú oríire wá lójú àwọn ará ibẹ̀ sì ni mẹ́jọ. Ó tún ya ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ìdílé. Orúkọ náà gbilẹ̀ débi pé lọ́dún 1959, ìlú Koromo tí ilé iṣẹ́ wọn wà yí orúkọ rẹ̀ padà sí Toyota.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà yẹn, díẹ̀ ló kù kí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, owó kò sí lọ́wọ́ aráàlú, ọkọ̀ kò tà, gbèsè báǹkì sì ga. Kiichiro ti ṣèlérí pé òun kò níí lé òṣìṣẹ́ kankan. Nígbà tó di 1950, kò rí ìlérí yẹn mú ṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó ju 1,500 nínú wọn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kiichiro náà sì kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó ní òun kò lè ní kí àwọn èèyàn lọ kí òun jókòó sórí àga. Ní oṣù kan náà yẹn, oṣù kẹfà ọdún 1950, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Toyota. Owó yẹn ló fà wọ́n jáde. Wọ́n ní kí Kiichiro padà wá jẹ ọ̀gá lọ́dún 1952, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù kẹta ọdún náà kí ó tó dé orí àga. Kò rí Corolla, kò rí Hilux.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí òwú tó já. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Taiichi Ohno, ilé iṣẹ́ aṣọ ìdílé Toyoda ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kó tó wá sídìí ọkọ̀. Òun ló mú ọgbọ́n ẹ̀rọ ìhunṣọ wọ ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Ní ilé iṣẹ́ Toyota, okùn kan wà lẹ́bàá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá rí àléébù, ì báà jẹ́ bóòtù kan tí kò wọlé dáadáa, á fa okùn yẹn. Bí wọn kò bá tètè rí ìṣòro náà yanjú, gbogbo ìlà á dúró. Ní ibòmíràn nígbà yẹn, ẹni tó bá dá iṣẹ́ dúró ti rí ìjà ọ̀gá. Ní Toyota, ẹni tó rí àléébù tó dákẹ́ ló ṣẹ̀.

Ohun kejì tí Ohno kọ́ wọn ni kí wọ́n máa bèèrè "kí ló dé?" títí wọn yóò fi kan ìdí ọ̀rọ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹ̀rọ dúró, kí ló dé? Fíúsì ló jó. Kí ló dé tó jó? Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Kí ló dé? Bẹ́árìn kò rí òróró tó. Kí ló dé? Pọ́ǹpù òróró kò fà á dáadáa mọ́. Kí ló dé? Ìdọ̀tí irin ti wọ inú rẹ̀, torí kò sí asẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ fíúsì, ọ̀la náà ló tún máa pààrọ̀ ẹ̀. Àwa tí a ti ra fíúsì mẹ́ta láàárín oṣù kan, a mọ ohun tí Ohno ń sọ.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, ojú tì wọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ Crown lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1957. Títì márosẹ̀ ibẹ̀ gùn, eré ibẹ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnnì Crown kò lágbára tó, ó sì ń gbóná. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà, wọ́n padà lọ jókòó sídìí iṣẹ́. Ọdún 1966 ni Corolla dé. Lọ́dún 1973 tí epo wọ́n káàkiri àgbáyé, àwọn ará Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ ńlá ń mu epo wọn bí omi wá ń wá ọkọ̀ kékeré tí kò jẹ epo, Toyota sì ti wà nílẹ̀. Corolla tí wọ́n ti tà láti ìgbà yẹn ti ju 50 mílíọ̀nù lọ.

Nílẹ̀ wa níbí, orúkọ tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dá tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Toyota tuntun ni ti Olóyè Michael Ade-Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, tó dá Elizade sílẹ̀ lọ́dún 1971. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ló sọ Toyota di ti gbogbo mẹ̀kúnnù. Tí mo bá sì máa sọ òótọ́, kì í ṣe àwọn ará Jàpáánì nìkan ló ni iyì yẹn. Mẹkáníìkì tó ti tú Camry igba ló wà ní àdúgbò yín. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Ládìípọ̀, ó wà ní Gate n'Ìbàdàn, èyí tó dáa wà, ayédèrú náà wà. Ọkọ̀ mìíràn lè dára tó o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ máa fi wá ẹ̀yà rẹ̀, ẹ óò ní kò dáa ni.

Iyì Toyota náà sì ti gbọgbẹ́ rí. Láàárín 2009 sí 2010, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà wá fún àtúnṣe torí pé ẹsẹ̀ ìtẹná lè há, tàbí kí kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ máa sáré lọ láìdúró. Èèyàn kú. Akio Toyoda, ọmọ ọmọ Kiichiro, lọ tọrọ àforíjì níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2010. Lọ́dún 2014, wọ́n san 1.2 bílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba ibẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ṣi aráàlú lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìparí 2023 ni àṣírí tún tú pé Daihatsu, ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ Toyota, ti ń fi èrú ṣe àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń kọ́ ayé pé kí òṣìṣẹ́ fa okùn ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Okùn wà níbẹ̀, ẹ̀rù ọ̀gá àti ìkánjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ dúró gbọ́. Airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń fò jáde gbà èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáánì tó ń jẹ́ Takata ló ń ṣe é fún Toyota, Honda àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá wá yìn, dípò kí ó kàn fẹ́ àpò, á fọ́ agolo irin tó wà nínú rẹ̀, irin yẹn á sì fò lu ẹni tó jókòó bí ọta ìbọn. Ó ju èèyàn 25 tó ti bá a lọ ní Amẹ́ríkà, Honda ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Irú airbag yìí tí wọ́n ní kí wọ́n yọ ní Amẹ́ríkà nìkan tó nǹkan bíi 67 mílíọ̀nù. Takata wọ gbèsè lọ́dún 2017. Ní oṣù kìíní 2024, Toyota kìlọ̀ fún àwọn tó ní nǹkan bíi 50,000 ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má wà á rárá títí wọn yóò fi tún un ṣe: Corolla àti Matrix kan ti 2003 sí 2004, àti RAV4 kan ti 2004 sí 2005.

Ọkọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ló ń gba Kútọnu àti Àpápá wọlé sọ́dọ̀ wa. Ooru àti ọ̀rinrin tiwa ńkọ́?

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ dúró níta ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 lórí dáṣíbọọ̀dù. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì nhtsa.gov/recalls, á sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe sí i. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì tú airbag fúnra rẹ̀, ó lè yìn mọ́ ọn lójú. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń ta Toyota ní tààrà. Nínú Corolla tí wọ́n kìlọ̀ lé lórí yìí, ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ló níṣòro, kì í ṣe ti inú sítíárì. Títí tí ẹ óò fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kí gbogbo èrò máa jókòó sẹ́yìn.